Ilé Fernandez, ilé Ọláìyá: bí Ilojo Bar ṣe wó ní Tinúbú

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016 ni katapílà wọ ojúlé kejì ní òpópónà Bámgbóṣé, létí gbàgede Tinúbú ní Erékùṣù Èkó. Ọ̀la ọjọ́ yẹn ni Iléyá. Ìjọba ti kéde ìsinmi, àwọn òṣìṣẹ́ ọba ti gba ilé lọ, ẹni tí kò tíì ra àgbò ń ná àgbò. Petẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ti kọ́ láti 1855 ni wọ́n wó lulẹ̀ lọ́jọ́ náà. Casa do Fernandez lorúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ pè é, àwọn míì ń pè é ní Angel House, ṣùgbọ́n Ilojo Bar ni ará Èkó mọ̀ ọ́n sí.

Ariwo ta. Àwọn kan ní ẹbí tó ni ilé ti ba ohun ìní orílẹ̀-èdè jẹ́. Àwọn míì dá wọn lóhùn pé ilé bàbá ẹni ni, ta ló bá wọn dá owó sí i nígbà tó ń jò? Mo ti gbọ́ ìbéèrè kejì yìí lẹ́nu ẹbí púpọ̀ tó ní ilé àtijọ́, mi ò sì tíì rí ẹni tó dáhùn rẹ̀ dáadáa. Ohun tí mo fẹ́ ṣe níbí ni kí n tẹ̀lé ilé náà láti ọwọ́ dé ọwọ́, torí ibi tí ọwọ́ ti ń yí padà ni àìsàn rẹ̀ ti wọlé. Ó lo ọdún 78 lọ́wọ́ àwọn Fernandez, ó lo 83 lọ́wọ́ àwọn Ọláìyá. Nínú 83 yìí, 60 ni ìjọba fi ní ìwé lórí rẹ̀ pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni.

Àwọn tó kọ́ ọ

Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé yìí, Èkó ò tíì bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì lórí ìwé. Ọkọ̀ ogun wọn ti yìnbọn sí ìlú ní oṣù Kejìlá 1851, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́, wọ́n dá Akítóyè padà sórí oyè. Akítóyè wàjà ní 1853, Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ gorí ìtẹ́, ó sì di 1861 kó tó tọwọ́ bọ ìwé tó fi ìlú lé wọn lọ́wọ́. Ẹfúnróyè Tinúbú, ìyá olówó tí gbàgede náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ṣì wà nílùú lọ́dún tí ilé náà dìde. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n lé e, tó gba Abẹ́òkúta lọ.

Àsìkò yẹn ni àwọn tí wọ́n ti kó lẹ́rú lọ sí Brazil àti Cuba ń padà bọ̀. Àwọn Mùsùlùmí tó jẹ́ ẹrú ní Bahia ní ilẹ̀ Brazil, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn, dìtẹ̀ ní 1835. Láti ìgbà náà ni ìjọba ibẹ̀ ti ń fojú ọ̀daràn wo adúláwọ̀ tó bá ti gba òmìnira, ẹni tó bá sì rí owó ọkọ̀ á wọ ọkọ̀ wálé. Àgùdà ni Èkó pè wọ́n. Àdúgbò wọn, Pópó Àgùdà, gba Campos, Bámgbóṣé, Tòkunbọ̀ àti Kakawa já. Wọ́n kó ìsìn Kátólíìkì wá, wọ́n kó frejon, ẹ̀wà olómi àgbọn tí ìdílé wọn ṣì ń sè nígbà Ọdún Àjíǹde, wá. Àmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wọn ló yí ojú ìlú padà. Bíríkìlà pọ̀ nínú wọn, káfíńtà pọ̀, télọ̀ pọ̀.

Irú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni ìdílé Fernandez gbà síṣẹ́. Ilé ọtí àti ilé oúnjẹ ni wọ́n kọ́ ọ fún. Mo fẹ́ràn apá yìí nínú ìtàn náà, torí bí ìwé ìjọba bá ti kan ilé, ńṣe ni a máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ààfin ni. Ibi tí èèyàn ti ń jókòó mutí, tí wọ́n ti ń ṣírò gbèsè oníbàárà sára ìwé, ni.

Ẹni tó bá dúró ní Tinúbú tó gbójú sókè á rí i pé orí àwọn ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀ tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, wọ́n tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lókè, irin ọnà ló yí faràndà ká. Ọnà tí wọ́n fi ọwọ́ mọ sára ògiri yí ojú fèrèsé ká. Ọnà ara ògiri yẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń rà lọ́jà wá lẹ̀ mọ́ ilé. Bíríkìlà á kọ́kọ́ gé pátákó pẹlẹbẹ sí ìrísí tó fẹ́. Á rẹ́ ògiri, á sì wọ́ pátákó náà kọjá lórí rẹ̀ kó tó gbẹ. Á tún rẹ́ ẹ, á tún wọ́ ọ, lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́ẹ̀kan sí i, títí etí ọnà á fi mú. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá gbọ̀n, ògiri á tú u fó. Bí omi bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn irú ọnà yìí, odindi ló máa ń já bọ́, bíríkìlà tòní ò sì ní pátákó tó lè fi dá a padà.

Iṣẹ́ yìí ò dúró lọ́wọ́ Àgùdà nìkan. Nígbà tí Mohammed Shitta Bey fẹ́ kọ́ mọ́ṣáláṣí tí wọ́n ṣí ní 1894, oníṣẹ́ ọwọ́ Àgùdà, João Baptista da Costa, ló pè. Kátólíìkì ń kọ́ mọ́ṣáláṣí, kò sì sẹ́ni tó rí i bí ohun tó burú. Nígbà tí owó kòkó wá dé, àwọn olówó Ìjẹ̀bú, Ìbàdàn àti Ìlẹ́ṣà kọ́ petẹ́ẹ̀sì tiwọn pẹ̀lú ọnà ara ògiri kan náà. Bí ẹ bá ní petẹ́ẹ̀sì bàbá àgbà yín nílé, tí òdòdó símẹ́ǹtì wà lókè fèrèsé rẹ̀, ẹ ti mọ ọmọ ìyá Ilojo Bar.

Ọwọ́ kejì

Ní 1933 ni ilé kúrò lọ́wọ́ Fernandez. Alfred Omolana Ọláìyá, ọlọ́rọ̀ kan tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà-Isu ní ilẹ̀ Èkìtì, ló rà á. Àsìkò tí ọjà àgbáyé dẹnu kọlẹ̀ ni, tí owó epo àti èkùrọ́ já wálẹ̀. Ẹni tó bá ní owó lọ́wọ́ nígbà náà lè ra ohun tí kò ní rí rà nígbà míì. Ẹni tó mọ orin háílàìfù á ti mọ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀: Victor Ọláìyá, afunfèrè tó kọrin níbi ayẹyẹ òmìnira 1960, tó sì kú ní 2020. Calabar ni wọ́n ti bí i ní 1930. Òun ni ìkogún nínú ọmọ 24.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí 24 yẹn.

Láti ọwọ́ Fernandez sí ọwọ́ Ọláìyá, rírà àti títà ni. Ẹnì kan tà, ẹnì kan rà, kọ́kọ́rọ́ bọ́ sápò ẹnì kan. Onílé bá jí láàárọ̀, ó rí i pé òrùlé ń jò, ó pe káfíńtà, ó sanwó. Ilé tí bàbá fi sílẹ̀ fún ọmọ ò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Nínú àṣà wa, bí bàbá bá kú tí kò ṣe ìwé ìhágún, ilé rẹ̀ di ilé ẹbí. Gbogbo ọmọ ló ni ín, kò sì sí ọmọ kan tó ni ín. Ilé ẹjọ́ Èkó ti fi èyí múlẹ̀ láti ìgbà àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ẹjọ́ Lewis àti Bankole, ní 1908, dá lórí ilé Olóyè Mábinúorí, tó kú ní 1874 tó fi ọmọ 12 sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní àkọ́bí ọkùnrin, dáwódù, ni olórí ẹbí lẹ́yìn bàbá. Bí òun náà bá kú, ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn ọmọ bàbá tó kù ni, ì báà ṣe obìnrin. Olórí ẹbí yìí kàn ń bójú tó ilé ni o, kò lè dá a tà.

Bí wọ́n á ṣe pín in ńkọ́? Ìyẹn náà dé ilé ẹjọ́. Bàbá kan tó ń jẹ́ Suberu Dawodu kú, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ṣé kí wọ́n fi ìdí igi pín in, kí ìyá kọ̀ọ̀kan gba ọ̀kan fún àwọn ọmọ rẹ̀, àbí orí ò jorí, kí gbogbo ọmọ gba ọgbọọgba? Adájọ́ Jíbówú ní orí ò jorí ló bá ayé òde òní mu. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti àpapọ̀ yí i padà ní 1958, wọ́n ní ìdí igi ni àṣà. Ìgbìmọ̀ adájọ́ ọba ní London sì fara mọ́ èyí ní 1962. Láti 1874 dé 1962, ohun tí àwọn ẹjọ́ wọ̀nyí ń wá ni ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti gbé ilé, láti gba owó ilé, láti jẹ olórí. Ẹ wo gbogbo rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ẹ ò ní rí ibi tí ẹnì kankan ti béèrè ẹni tí yóò san owó páànù.

Ibi tí mo ń lọ nìyẹn. Ẹ fi ojú inú wo bàbá tó bí ọmọ 24, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan bí mẹ́rin péré. Àwọn ọmọ-ọmọ nìkan ti di 96. Lára wọn, ọ̀kan wà ní Èkìtì, ọ̀kan wà lókè òkun, ọ̀kan ò bá ọ̀kan sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú bàbá. Owó ilé tó ń wọlé láti ara ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀, bí wọ́n bá pín in, èyí tó kan oníkálukú lè má ra páànù méjì. Bí wọn ò bá pín in, ìjà á dé: ta ló ń jẹ ẹ́? Nínú irú ẹbí báyìí, ẹni tó bá fi owó ara rẹ̀ tún òrùlé ṣe ni wọ́n máa ń fura sí jù, pé ó fẹ́ gba ilé. Mo mọ̀ pé ẹ̀rín á pa ẹlòmíì níbí, torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí i.

Ìwé 1956

Nígbà tí ilé náà pé ọdún 101, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Òfin ohun àtijọ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ ní 1953 ló fún wọn lágbára. Kenneth Murray, òyìnbó olùkọ́ iṣẹ́ ọnà tó ti ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jọ láti ọ̀pọ̀ ọdún, ló jẹ́ olórí iléeṣẹ́ tó ń bójú tó o. Mùsíọ́ọ̀mù Oníkàn gan-an ò tíì ṣí nígbà náà. 1957 ló ṣí.

Àsìkò náà ṣe pàtàkì. Ní 1955 ni Lagos Executive Development Board, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1928 nítorí àjàkálẹ̀ àrùn tó ń ti ara eku wá, bẹ̀rẹ̀ ètò láti wó àwọn ilé tó há gádígádí ní àárín erékùṣù, kí wọ́n kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí Súrùlérè. Ilé ẹbí tó ti wà láti ìran dé ìran lọ sínú ètò yẹn. Nítorí náà, ní 1956, ìjọba kan náà tó ń fi ọwọ́ òsì wó ilé ẹbí fi ọwọ́ ọ̀tún kọ ìwé pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wó ọ̀kan. Mi ò rò pé ẹbí kankan l'Ékòó rí i ní àwọ̀ ẹ̀bùn.

Kí ni ìwé náà sọ? Ó ní ilé ṣì jẹ́ ti ẹni tó ni ín. Ó ní onílé ò gbọdọ̀ wó o, kò gbọdọ̀ yí i padà láìgbàṣẹ. Ní 1979, ìjọba ológun fi òfin kẹtàdínlọ́gọ́rin dá àjọ mùsíọ́ọ̀mù àti ohun ìrántí ti àpapọ̀ sílẹ̀, àṣẹ yẹn sì bọ́ sọ́wọ́ wọn. Láti 1956 lọ, ilé náà ní onílé mẹ́ta. Ẹbí ló ni ilẹ̀. Ìjọba ló ni àṣẹ. Ìlú ló ni ọ̀rọ̀ rẹ̀, àwọn tó ń kọjá ní Tinúbú tí wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀. Bí ó bá di ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sọ̀rọ̀. Bí ó bá di ọ̀rọ̀ omi tó ń jò sára òpó, ẹbí á wo ìjọba, ìjọba á wo ẹbí, ìlú á ya fọ́tò.

Ilẹ̀ náà ò sì dúró lójú kan. Báńkì àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Keje 1959, Tinúbú ni wọ́n kọ́ ọ́fíìsì rẹ̀ sí. Ilé gíga yọ lọ́tùn-ún lósì. Owó tí wọ́n lè ta ilẹ̀ tí petẹ́ẹ̀sì kékeré yẹn jókòó lé wá pọ̀ gan-an ju èyí tí petẹ́ẹ̀sì náà lè pa wọlé lọ. Dẹfẹlọ́pà kankan ò nílò kí wọ́n kọ́ ọ ní ìṣírò yìí. Ọmọ ẹbí tí kò tíì rí kọ́bọ̀ gbà nínú ilé bàbá rẹ̀ rí mọ̀ ọ́n dáadáa.

Irú ilé báyìí kì í kú lójijì. Páànù kan ló máa kọ́kọ́ ṣí. Omi á máa kán sórí pákó tó gbé àjà, níbi tí orí pákó ti wọ inú ògiri, tí ojú ò tó. Pákó á jẹrà níbẹ̀, ikán á gbọ́ òórùn rẹ̀. Ìpìlẹ̀ irin faràndà á dógùn-ún, irin tó bá dógùn-ún a máa wú, á sì la ògiri tó dì í mú. Ẹnì kan á wá pe bíríkìlà àdúgbò, tí yóò rẹ́ símẹ́ǹtì lé gbogbo rẹ̀. Ojú ilé á dán fún ọdún méjì. Àmọ́ ògiri àtijọ́ a máa mu omi, a sì máa tu ú jáde. Símẹ́ǹtì ò ní jẹ́ kó tu ú. Ó di pé ògiri ń rà láti inú, tí ará ìta ń kí onílé kú àtúnṣe. Lẹ́yìn ogún ọdún irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sọ pé ilé náà ti di ewu fún àwọn tó ń kọjá lábẹ́ rẹ̀ ò parọ́, pàápàá l'Ékòó tí ilé ti ń wó pa èèyàn.

Ọjọ́ tí wọ́n wó o

Àjọ mùsíọ́ọ̀mù bu ẹnu àtẹ́ lu ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n ní ó lòdì sófin. Àwọn ayàwòrán ilé àti àwọn tó fẹ́ràn ìtàn Èkó kígbe. Èmi náà ò rí àwíjàre fún un. Ẹni tó bá gbà pé òun ní àṣẹ láti wó ilé tí ìwé orílẹ̀-èdè wà lórí rẹ̀ ò ní yan ọjọ́ Àìkú tí Iléyá kù ọ̀la. Ọjọ́ tí wọ́n yàn yẹn ti jẹ́rìí.

Àmọ́ kí ọjọ́ kan ṣoṣo má gbé ẹ̀bi ọgọ́ta ọdún. Bí ìjọba bá fẹ́ kí ilé wà fún gbogbo wa, ọ̀nà tó tọ́ ni kó rà á lọ́wọ́ ẹbí ní owó tó tó, tàbí kó bá wọn dáwó àtúnṣe lọ́dọọdún, tàbí kó mú owó orí ilé kúrò fún wọn. Kò sí èyí tó le jù fún ìjọba tó ń kọ́ afárá. Ẹbí náà ní ohun tó yẹ kí wọ́n ti ṣe, kí gbogbo rẹ̀ tó dé orí katapílà. Ìjọba lè rẹ́ni bá ṣàdéhùn bí ẹbí bá ní ẹnu kan. Bí ẹnu bá ti di ogójì, àdéhùn ò lè wáyé, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé owó wá ló máa ń gbọ́ ohùn tó fẹ́ gbọ́.

Ilé Omi ti àwọn da Rocha ṣì wà ní Kakawa, ìrìn ẹsẹ̀ péré sí Tinúbú. João Esan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n kó lẹ́rú ní kékeré, ló ti Bahia padà wá kọ́ ọ. Cândido ọmọ rẹ̀, tí wọ́n bí sí Bahia ní 1860, jogún rẹ̀, ó ta omi kànga ibẹ̀ fún ìlú kó tó kú ní 1959. Ó ku díẹ̀ irú wọn ní Tòkunbọ̀ àti ní Bámgbóṣé fúnra rẹ̀, tí orúkọ Pereira tàbí Salvador tàbí da Silva ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà wọn, tí páànù sì ti pupa lórí wọn.

Ẹbí tó bá ní irú rẹ̀ lónìí lè bẹ̀rẹ̀ láìdúró de ìjọba. Kí wọ́n ṣí àkáǹtì kan tí owó ṣọ́ọ̀bù á máa wọ̀, kí ẹni tó ń fọwọ́ sí i wá láti ìdí igi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí àtúnṣe òrùlé kọ́kọ́ jáde nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pín kọ́bọ̀. Kí wọ́n kọ ìwé àdéhùn pé ẹni tó fi owó ara rẹ̀ tún ilé ṣe ń yá ẹbí lówó ni, kò ra ilé. Kí wọ́n pe ayàwòrán ilé kó wọn gbogbo ògiri, gbogbo fèrèsé àti gbogbo ọnà ara rẹ̀ sórí ìwé, kí wọ́n fi ẹ̀dà kan sílé lọ́yà. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n tó kọ lẹ́tà sí àjọ mùsíọ́ọ̀mù, pẹ̀lú iye tí òrùlé máa ná wọn nínú rẹ̀, kí wọ́n sì béèrè iye tí àjọ náà fẹ́ dá sí i.